Káàdì Tó Ń Purọ́ Burú Ju Káàdì Tó Lọ́ra Lọ

Láti ìgbà tí àwa ọlọ́dún ìkẹyìn ti ń múra iṣẹ́ pápá, ìbéèrè kan ò kúrò lórí WhatsApp kíláàsì wa: "Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́mórì káàdì wo ló yára jù?" Ìdáhùn á sì máa rọ́ wọlé. Ẹnì kan á ní èyí tí wọ́n kọ 200 MB/s sí lára ni kí onítọ̀hún rà. Ẹlòmíràn á ní A2 ni kó wá, pé A1 ti di ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló fẹ́ fi káàdì ọ̀hún ṣe, tàbí irú fóònù wo ló fẹ́ kì í bọ̀. Lójú tèmi, àwa tí à ń gba èdè sílẹ̀ kò ní wàhálà ìyára rárá. Wàhálà wa ni káàdì tó ń purọ́, àti èyí tí òun àti fóònù kò gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀rọ̀ ìyára yìí ló ń gba ojú wa kúrò lára méjèèjì.

Ẹ mú káàdì yín, kí ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ńlá tó wà níbẹ̀, 32 GB tàbí 64 GB, ni gbogbo èèyàn ń kà. Ṣùgbọ́n àwọn àmì kéékèèké tún wà: nọ́ńbà kan nínú lẹ́tà C, nọ́ńbà kan nínú lẹ́tà U, àti lẹ́tà V tí nọ́ńbà tẹ̀ lé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ìyára tí káàdì kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá ń kọ nǹkan sí i láìdúró. C10, U1 àti V10, MB 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gbogbo wọn. U3 àti V30, MB 30. Orúkọ pọ̀, ìtumọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá ti ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìtumọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù ba òun.

200 MB/s tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ yẹn yàtọ̀. Ìyára kíkà ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ti kíkọ, inú ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún un nìkan ni káàdì sì ti lè sá eré yẹn. Ihò káàdì tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù, UHS-I ni, MB 104 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sì ni òpin tí ìlànà yẹn gbà. Ẹ ti san owó 200, fóònù kò lè lò ju bí ìdajì lọ. A2 náà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn app tó ń ṣiṣẹ́ láti orí káàdì ni wọ́n ṣe dá A1 àti A2 sílẹ̀: A1 ṣèlérí kíkà 1,500 àti kíkọ 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, A2 ṣèlérí 4,000 àti 2,000. Ṣùgbọ́n kí A2 tó mú ìlérí yẹn ṣẹ, fóònù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ sílẹ̀ fún un. Fóònù tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí àǹfààní tí ẹ tìtorí rẹ̀ fowó kún owó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiwa. Tí a bá fi WAV gba ohùn ní 48 kHz, bit 24, mono, byte 144,000 ni fóònù ń kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà MB kan. Wákàtí kan gbáko, nǹkan bíi MB 518 ni. Káàdì tó lọ́ra jù lọ nínú ètò yìí, Class 2 tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí wọ́n bá lọ́wọ́ òun mọ́, ṣèlérí MB 2. Ó ju ìlọ́po mẹ́tàlá ohun tí a nílò lọ. Fídíò 1080p náà ńkọ́? Nǹkan bíi megabit 17 ni ọ̀pọ̀ fóònù ń kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 8 pín in, kò ju MB 2 àti díẹ̀ lọ. C10 lásán gbé e.

Ti àyè náà ò le. Káàdì 32 GB á gba ohùn tó lé ní ọgọ́ta wákàtí. Ìdí nìyí tí kò fi yé mi bí àwọn kan ṣe ń fi AMR gba ohùn "kí káàdì má baà kún." AMR tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀kẹ́... rárá, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́: ìgbà 8,000 péré ló ń wọn ìró ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ohunkóhun tó bá ti ju 4,000 Hz lọ ti sọnù. Ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ariwo s wà. Ẹni tó fẹ́ fi Praat wo ìyàtọ̀ láàárín s àti ṣ, tó wá fi AMR gba ohùn sórí káàdì tó ṣófo, ti di ara rẹ̀ létí kó tó jókòó.

Ká wá bọ́ sórí irọ́. Inú gbogbo mẹ́mórì káàdì ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ fún fóònù iye àyè tó wà níbẹ̀. Fóònù kì í wọ̀n ọ́n wò. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló gbà. Àwọn oníjìbìtì á mú káàdì GB 8, wọ́n á yí ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ padà, wọ́n á tẹ 128 GB sí i lójú, wọ́n á kó o sínú páálí tó ń dán. Ẹ kì í bọ fóònù, fóònù á ní GB 128 ni. Ẹ gba ohùn sí i, orúkọ fáìlì á jáde, iye MB á jáde, ọjọ́ àti àsìkò á pé pérépéré. Nígbà tí GB 8 bá ti kún, ohun tí ẹ ń kọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí kò sí, tàbí kó máa gun orí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ ni ẹ ó tó mọ̀. (Ẹ má fi èyí wé káàdì 32 GB tó ń fi 29.8 hàn o. Ìyẹn kò purọ́: ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ilé iṣẹ́ fi ń kà, 1,024 ni àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà kan fi ń kà.)

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde nínú ẹ̀ka yìí, tó sì gbà kí n sọ ọ́, lọ gba ọ̀rọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò sílẹ̀ ní ìlú kan ní Èkìtì. Ọjọ́ márùn-ún ló lò, ó ń gba ohùn, ó ń ya fídíò. Nígbà tó padà dé, ti ọjọ́ kìíní àti díẹ̀ nínú ti ọjọ́ kejì nìkan ló ṣí. Ìyókù ní orúkọ, wọn ò ní nǹkan kan nínú. Ó tún wọkọ̀ padà lọ. Àwọn ìyá náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ọmọ mi, ṣebí mo ti sọ ọ́ fún ọ?" Ohun tó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ lẹ́ẹ̀kìíní, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Gígùn rẹ̀ kọ́ ló dun ẹ̀gbọ́n wa jù. Nínú ìwé tó ń kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kìíní, ó kọ ọ́ pé ìyá náà ń sọ ulé àti ùkòkò bí ẹní mí. Lẹ́ẹ̀kejì, ilé àti ìkòkò ló ń jáde. Màmá ti mọ̀ pé ará yunifásítì ló ń gbọ́ òun, wọ́n ti tún èdè ṣe fún àlejò. Orí fáwẹ̀lì u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Kò sí káàdì V90 tó lè dá ìyẹn padà.

Ti àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín káàdì àti fóònù kò le tó yẹn, ó kàn máa ń bíni nínú ni. Káàdì tó ju GB 2 lọ títí dé 32 ni SDHC, FAT32 ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Èyí tó bá ju 32 lọ ni SDXC, exFAT ni tirẹ̀. Fóònù àtijọ́ tí kò mọ exFAT á ní káàdì ti bàjẹ́, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun fọ́mátì ẹ̀. Tí ẹ bá ti fi fóònù mìíràn gba ohùn sí i, ẹ yáa má dá a lóhùn. FAT32 náà ní tirẹ̀: fáìlì kan kò gbọdọ̀ tó GB 4, ìyẹn ló ń fà á tí fídíò gígùn fi ń gé sí méjì. Àwọn tí ihò síìmù kejì wọn náà ni ihò káàdì, mo bá yín kẹ́dùn.

Èyí tí mo kà sí ewu gidi níbẹ̀ ni ohun tí Android 6.0 gbé dé ní 2015, tí fóònù fi lè sọ káàdì di ara àyè inú rẹ̀. Ó máa ń wu èèyàn, nítorí àyè fóònù wa kì í tó. Ṣùgbọ́n fóònù á ti káàdì náà pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ fóònù yẹn nìkan. Bí fóònù bá já sómi lójú ọ̀nà, káàdì lè jáde láìfarapa, síbẹ̀ kò sí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò lè kà á. Tí fóònù bá bi yín, ẹ mú portable storage.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: ta ló tún ń lo káàdì? Samsung yọ ihò rẹ̀ kúrò lára Galaxy S21 ní 2021, iPhone kò tiẹ̀ ní in rí, ẹ kó gbogbo nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń gbé iPhone lọ sí pápá, Ọlọ́run á máa bù sí i fún un. Tecno, Infinix àti itel ló wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa, ihò káàdì sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Bí wákàtí kan bá jẹ́ MB 518, tí a sì wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì ń wá tó ń lọ, owó dátà ta la fẹ́ fi gbé e sókè? Íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ẹ̀dà kejì, nígbà tí ẹ bá ti dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa kò wọ́n. Kọ́ọ̀sì ọ̀nà ìwádìí tí à ń ṣe ní 300 level ń kọ́ wa bí a ṣe ń kí àgbà, bí a ṣe ń gba àṣẹ, bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ láìfi ìdáhùn síni lẹ́nu. Kí wọ́n fi wákàtí kan kún un fún yíyẹ káàdì wò. Ọ̀fẹ́ ni H2testw fún Windows, ọ̀fẹ́ ni F3 fún Linux àti Mac. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á kọ nǹkan kún káàdì dé ẹnu, wọ́n á padà kà á, wọ́n á sọ iye àyè tó jẹ́ òótọ́. Káàdì 32 GB lè gbà tó wákàtí kan sí méjì. Kí alábòójútó má gbà kí ẹnikẹ́ni lọ sí pápá pẹ̀lú káàdì tí kò tíì yege, bí wọn kì í ti í jẹ́ ká lọ láìmú lẹ́tà dání. Lálaalẹ́, kí ẹ̀dà kejì ti wà níbòmíràn ká tó sùn, nítorí káàdì gidi náà máa ń kú.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tó jẹ́ pé aago ògiri ni sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń fún ẹ̀ka: ẹ ṣeun, a ti ní aago tó. Káàdì 32 GB mẹ́wàá tó ti yege, nínú dúrọ́ọ̀ kan ní ọ́fíìsì ẹ̀ka, tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa yá bí ẹni yá ìwé, ló kù tí a ń wá.

Kí ìyẹn tó dé, F3 wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn kíláàsì ọ̀sán, yàrá ìkàwé ẹ̀ka ni mo máa ń wà. Ẹ kó ohun tó wà lórí káàdì yín kúrò kí ẹ tó mú un wá, kí ẹ sì mú card reader dání. Tèmi ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan láti oṣù tó kọjá, ó sì mọ ara rẹ̀.