Ìlàkọjá Ni, Kì Í Ṣe Ihò

Àwọn olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ pe tunneling ní 'ihò gbígbẹ́' nínú ìmọ̀ físíìsì tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra rẹ̀ ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ihò kankan.

Kí a mú igbá fínfín kan ní Ọ̀yọ́, kí a sì sọ ìlẹ̀kẹ̀ kan sí inú rẹ̀. Bí a bá mi igbá náà tagbára-tagbára, ìlẹ̀kẹ̀ yóò ta sókè, yóò sì fo etí igbá jáde. Iṣẹ́ tí ooru ń ṣe nìyí. Ṣùgbọ́n nínú àyípo iná mànàmáná tí kò dènà iná rárá, bí ó bá tutù tó, a máa dà bí ẹni pé ìlẹ̀kẹ̀ gba ara igbá bọ́ sí ìta. Igbá kò sì lu. (Ipò àyípo náà lódindi ni 'ìlẹ̀kẹ̀' yìí, kì í ṣe ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo.) John Clarke, Michel Devoret àti John Martinis fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Berkeley ní 1984 àti 1985, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2025. Bí wọ́n ti ń dín ìwọ̀n ìgbóná kù ni ìjáde náà ń ṣọ̀wọ́n sí i, títí ó fi dé ibi tí ìtutù kò lè dín in kù mọ́.

Nítorí náà, orúkọ méjì ni ó yẹ: 'ìfòkọjá' fún ti ooru, 'ìlàkọjá' fún èkejì. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan, ohun tí wọ́n rí ní Berkeley kò ní ṣeé sọ ní Yorùbá. Ẹnìkan lè wí pé 'là' ń tọ́ka sí pípín nǹkan sí méjì. Ẹni tí ó la ọjà Akẹ̀sán kọjá ńkọ́? Ṣé ó pín ọjà ni?

'Òtútù' náà kò tó. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí 290 lórí ìwọ̀n Kelvin. Nǹkan bí 0.02 ni wọ́n ń lo kúbíìtì. Ooru tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa ti kúbíìtì kúrò ní ipò rẹ̀. 'Ìwọ̀n ìgbóná' pẹ̀lú nọ́ńbà ni kí olùkọ́ lò.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò kan físíìsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ 'ihò' ní Ọ̀yọ́ yóò ní láti gbàgbé rẹ̀ bí ó bá dé yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Ní ti 'kúbíìtì', kí a yá a bẹ́ẹ̀. Kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.