Ọkọ̀ Ojú Omi Igbókòdá
Ìrìn àjò ojú omi láti èbúté Igbókòdá sí Ayétòrò àti àwọn ìlú etíkun Ìlàjẹ yòókù kò yẹ kó jẹ́ ìfẹ̀míwewu. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́, tó gba Oǹdó, Orè àti Òkìtìpupa, Igbókòdá ni yóò ti bọ́ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, omi ni títì. Láti 1947 tí wọ́n ti tẹ Ayétòrò dó, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé alẹ́ja, akẹ́kọ̀ọ́ àti aláboyún. A mọ̀ pé epo bẹntiróòlù wọ́n, awakọ̀ kò sì fẹ́ kí àyè kan ṣófo. Àmọ́ ọkọ̀ tí èrò àti ẹrù bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìgbì kékeré tó láti dojú rẹ̀ dé. Kí àwọn aláṣẹ tí ìrìnnà ojú omi wà níkàáwọ́ wọn fi òṣìṣẹ́ sí èbúté, kí wọ́n máa ka èrò, kí ọkọ̀ kankan má sì ṣí láìjẹ́ pé gbogbo èrò ti wọ ẹ̀wù amúniléfòó, àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ̀yin èrò, ọkọ̀ tó bá ti kún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ̀ ọ́.