Bí Iná Bá Já Sínú Omi Ẹja, Ẹ Má Ki Ọwọ́ Bọ̀ Ọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ilé ìdáná ni mo wà tí mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́ ní pálọ̀. Iná tí a gbé sórí táńkì onígíláàsì tí à ń sin ẹja sí ló já sínú omi. Kí n tó débẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹ́ yọ ọ́. Mo pariwo pé kó má fọwọ́ kàn án. Ó wò mí, ó ní: “Mọ́mì, àwọn ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ o. Bí iná bá wà nínú omi yẹn, ṣebí wọn ì bá ti kú?”

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iná mànàmáná máa ń wá ọ̀nà dé ilẹ̀. Ẹja tó wà nínú gíláàsì kò fara kan ilẹ̀, nítorí náà ó lè máa lúwẹ̀ẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ láìwọ bàtà, tó wá ki ọwọ́ bọ omi náà, ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀nà tí iná ń wá.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fíúùsì. Wáyà ni wọ́n fi ń dáàbò bò, kì í ṣe ènìyàn. Fíúùsì inú púlọ́ọ̀gì lè gbé ámpíà 13, bẹ́ẹ̀ iná tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ámpíà kan lè da ọkàn ènìyàn rú.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ má fọwọ́ kan táńkì náà, ẹ má sì tẹ omi tó bá dà sílẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ pa á níbẹ̀, kí ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì. Bí omi bá ti kàn án, suwíìṣì àgbà ni kí ẹ lọ pa. Bí wọ́n bá mú iná lọ lásìkò náà, ìyẹn kò tó: ínfátà lè gbé iná dé kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n sì lè dá iná padà nígbàkigbà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo ohun tó wà nínú omi náà kí ẹ tó yọ iná náà, ẹ má sì tàn án mọ́.

Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má dì í mú. Ẹ kọ́kọ́ pa iná, kí ẹ sì pe 112.

Láti dènà rẹ̀, ẹ de iná náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wáyà rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀. Ẹ sì ní kí oníṣẹ́ iná bá yín fi ẹ̀rọ RCD sí i. Bí mílíámpíà 30 péré bá ń jò lọ sílẹ̀, yóò já iná náà kíá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú ọmọ mi lọ síbi suwíìṣì àgbà, mo ní kó pa á fúnra rẹ̀. Kò mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ àwọn ọmọ tiyín mọ̀ ọ́n?