Ta Ni Kámẹ́rà Ń Gbè Lẹ́yìn?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí ìgbà tí Olóyè Hubert Ògúndé ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú. Ibi tí èèyàn bá rí jókòó sí nínú gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni yóò ti wo eré dópin, á sì gbé ojú rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògúndé gbé fíìmù Aiyé jáde ní ọdún 1979, ẹlòmíràn ló ń bá wa yan ibi tí a ó máa wò. Ẹni náà ni ayàwòrán tó di kámẹ́rà mú.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ó bá gbé kámẹ́rà sílẹ̀ tó ń wòkè, ẹni tí a ń wò á ga, ẹ̀rù rẹ̀ á máa bà wá kó tó la ẹnu. Bí ó bá gbé e sókè tó ń wolẹ̀, ẹni náà á kéré lójú wa. A lè ṣàánú rẹ̀, a sì lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ni èjìká tí a ti ń wò ó. Túndé Kèlání mọ èyí dunjú. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù ní ìlú London, òun náà ló sì ya Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá ní 1982, kí òun fúnra rẹ̀ tó gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999. Ní tèmi o, ìdí nìyẹn tí ààfin Jogbo fi dà bí ààfin lójú wa.

Nígbà tí fídíò gbòde ní àwọn ọdún 1990, pálọ̀ onípálọ̀ ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú wọn. Àga tìmùtìmù ti gba gbogbo ilẹ̀, kámẹ́rà á wá fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn onílé. Mo bá wọn níbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan kúnlẹ̀, wọ́n ní ó jí owó. Láti èjìká ìyáálé ilé ni a ti ń wò ó, ojú olè gan-an ni mo sì rí, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà sọ pé kò jalè. Ni ayàwòrán bá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò yí padà, aṣọ ò yí padà. Ìyá tó ń dáná fún wọn, tó ń yọjú wo tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n gbé síbẹ̀, ló pariwo pé, “Ẹ gbà mí o, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!”

Bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ọmọ ọ̀dọ̀, kí ló dé tí wọn kò ṣe é fún àwọn ìyá àgbà? Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń ya arúgbó obìnrin láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iná lábẹ́ àgbọ̀n, títí tí hunjọ ojú rẹ̀ á fi dà bí ẹ̀rí pé àjẹ́ ni. Mo mọ ìyá kan ní Mushin tí àwọn ọmọ àdúgbò kì í gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin olùdarí fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kámẹ́rà yẹn sókè díẹ̀, kí ojú wa lè bá ojú ìyá dọ́gba.