Ta Ni Ó Ni Orin Yìí? Ìrìn Àjò «Jin-go-lo-ba»



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ná ọjà Arzèkè ní Parakou mọ̀ pé etí ni ó máa ń kọ́kọ́ wọ ọjà náà kí ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Láàárín àwọn tí ń ta aṣọ, iṣu àti ata, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí ọjà tiwọn kò ṣeé fi ọwọ́ mú: orin ni wọ́n ń tà. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì kékeré, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; oníbàárà á mú fóònù tàbí clé USB rẹ̀ wá, wọn á sì da orin sí i fún un. Orin Dẹ́ndì wà níbẹ̀, orin Baatonu wà níbẹ̀, ti Fọ̀n àti ti Yorùbá pẹ̀lú, àti orin ijó òyìnbó lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí a kọ sí ara àwọn orin náà, a óò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ olórin. «Piste 07» ni ọ̀kan ń jẹ́, «Remix ambiance» ni èkejì.

Irú orin bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ìlù kún inú rẹ̀, ohùn ènìyàn ń pe, agbo ń dáhùn. Ó dá ọmọ náà lójú pé DJ òyìnbó kan ni ó ni ín. Èsì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fún un gùn ju àkókò ìsinmi lọ, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sí ojú ewé yìí. Orin náà ni «Jin-go-lo-ba», ọmọ Yorùbá ni ó sì fi í lé ayé lọ́wọ́.

Babatunde Olatunji ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1927 ni a bí i ní Ajido, ìletò àwọn apẹja nítòsí Àgbádárìgì, ní agbègbè tí Yorùbá àti Ègùn ti jọ ń gbé, tí kò sì jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè tiwa. Ní 1950, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà, ó sì lọ sí Morehouse College ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe iṣẹ́ ìlù ni ó bá lọ. Iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ni ó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju ohun tí sinimá fi hàn wọ́n lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi orin àti ìlù dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó kọjá sí New York láti tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìlù ni ó gba iwájú.

Ní 1960, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ «Drums of Passion» jáde. Kò sí gìtá nínú rẹ̀, kò sí dùùrù: ìlù àti ohùn ènìyàn nìkan ni, lílé àti ègbè, bí a ti ń ṣe é níbi ìnáwó wa. Orin kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní «Akiwowo», tí ó ń kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Àwa ará Parakou, tí ojú irin láti Kútọnu parí sí ọ̀dọ̀ wa, yóò fi ẹ̀rín gbọ́ ọ. «Jin-go-lo-ba» wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwo náà wọ àwọn olórin Amẹ́ríkà lára dé ibi pé John Coltrane, àgbà nínú àwọn tí ń fọn fèrè jáàsì, fi orúkọ Olatunji sọ orin kan ní 1962, ó pè é ní «Tunji». Lónìí, Ilé Ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti Amẹ́ríkà ti ka «Drums of Passion» mọ́ àwọn àwo tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun.

Ibi tí orin náà ti kọ́kọ́ pàrọ̀ aṣọ ni Paris. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé mọ Serge Gainsbourg. Ní 1964, ó ṣe àwo kan tí ó pè ní «Gainsbourg Percussions», tí àwọn aláríwísí sì yìn ín fún ìlù tuntun tí ó mú wọ inú orin Faransé. Mẹ́ta nínú orin inú àwo náà, láti inú «Drums of Passion» ni ó ti mú wọn. «Jin-go-lo-ba» di «Marabout», «Kiyakiya» di «Joanna», «Akiwowo» sì di «New York U.S.A.»: òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kúrò níbẹ̀, ilé gogoro New York gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Gainsbourg dára, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Gainsbourg ni a rí lára rẹ̀. A kò rí ti Olatunji.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Carlos Santana, ọ̀dọ́ olórin tí a bí ní Mẹ́síkò, gbé e pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi gìtá àti ọ́gáànù kún un, ó sì gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí «Jingo». Àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí ó péjọ sí Woodstock ní oṣù kẹjọ ọdún 1969 gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí dísíkò ni ó kàn, inú dísíkò ni remix, tí mo fẹ́ pè ní àtúnlù, sì ti di iṣẹ́ gidi. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn DJ New York ṣàkíyèsí pé àwọn oníjó kì í fẹ́ kí ibi tí ìlù ti ń dá dún tètè parí. Àwo kékeré tí rédíò ń lò kò sì gbà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé téèpù orin, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n ń fa apá ìlù gùn, wọ́n ń yọ ohùn kúrò, wọ́n tún ń dá a padà. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sí orí àwo ńlá oní-íǹṣì 12, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti kékeré lọ. Ní 1976, ilé iṣẹ́ Salsoul kó irú àwo ńlá bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà: «Ten Percent» ti ẹgbẹ́ Double Exposure, tí Walter Gibbons tún tò, tí ó sì fà gùn kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà ni àtúnlù ti di ọjà tí ó dá dúró.

Ilé iṣẹ́ Salsoul yìí kan náà ni ó gbé «Jingo» jáde ní 1979. Ẹni tí ó lù ú ni Candido Camero, ọmọ Kúbà, àgbà onílù kóńgà tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà náà. Kúbà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé ìlù bàtá dé, wọ́n sì ń pè wọ́n ní Lukumí níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà ti yí po: ìlù etí òkun wa lọ sí New York, ó bọ́ sí ọwọ́ ọmọ erékùṣù tí ìlù wa ti dé ṣáájú, ó sì di orin dísíkò tí ó gbòde. Títí di òní, àwọn DJ kò tí ì gbé e sílẹ̀. Candido fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ku oṣù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ní 1987, Jellybean Benitez, DJ New York tí ó bá Madonna ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣe «Jingo» tirẹ̀. Ní 2004, Fatboy Slim, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi «Jin Go Lo Ba» sínú àwo rẹ̀ «Palookaville». Olatunji kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó ti kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2003, ní Kalifọ́níà, ọ̀la ni ì bá pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ǹjẹ́ àtúnlù burú bí? Kò burú rárá. Bí kò bá sí i, ọ̀dọ́ Parakou ti ọdún yìí kò ní gbọ́ ìlù tí a gbà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn. Àwa gan-an kò mọ orin tí kì í yí padà. Oríkì tí ìyá àgbà ń kì, ọmọ rẹ̀ á fi tirẹ̀ kún un. Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣebí Olatunji náà gbọ́ ìlù lẹ́nu àwọn àgbà Ajido kí ó tó gbé e wọ ilé Columbia? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ó ti lu ìlù ni ó ti ń sọ ibi tí ìlù náà ti wá; ìyẹn gan-an ni ó sọ di iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni ìjúbà. Oníjálá kì í la ẹnu kí ó má júbà ẹni tí ó kọ́ ọ. Eléégún kì í bọ́ sí agbo láì dárúkọ àwọn tí ó ti lo agbo náà ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìjúbà, ó lè tún orin ṣe bí ó ti wù ú. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní olè. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ohun tí ó ṣe «Marabout» ni pé ó lanu láì júbà.

Orúkọ nìkan kọ́, oúnjẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù, gba «Soul Makossa» sílẹ̀ ní 1972, ní ẹ̀yìn àwo tí a ṣe fún ìdíje bọ́ọ̀lù Áfíríkà ti ọdún náà. Àwọn DJ New York sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn òkúta ìpìlẹ̀ dísíkò. Nígbà tí Michael Jackson mú ègbè rẹ̀ lò nínú àwo «Thriller» ní 1982 láì gba àṣẹ, Dibango bínú, wọ́n sì san owó fún un kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Nígbà tí ègbè náà tún jáde nínú orin Rihanna ní 2007, ó gbé ẹjọ́ lọ sí Paris ní 2009. Àwọn kan ní àgbàlagbà náà fẹ́ràn ẹjọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Kí a má ṣe rò pé òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìlú wa yìí ni ẹgbẹ́ Super Borgou de Parakou, tí Moussa Mama darí, ti fi èdè Dẹ́ndì àti Baatonu kọrin ní àwọn ọdún 1970. Ní 2012, ilé iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì kó orin wọn jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní «The Bariba Sound». Àwọn tí ń gbé ní òkèèrè lè dárúkọ àwọn olórin náà. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ni ó lè dárúkọ wọn? Bí DJ kan bá fi orin wọn ṣe àtúnlù lọ́la, ta ni yóò sọ fún un pé Parakou ni ó ti mú un?

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́. Òfin n° 2005-30 ti ọdún 2006 lórí droit d'auteur sọ pé ẹ̀tọ́ òǹkọrin ni kí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti tábìlì kọ̀ọ̀kan ní Arzèkè. Àwa ni a lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń da orin sí fóònù, ẹ kọ orúkọ olórin sí i. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ń rà á, ẹ béèrè: ta ni ó kọ ọ́, níbo ni ó ti wá, ta ni ó tún un lù? Ẹ̀yin tí ń ṣe àtúnlù lórí kọ̀ǹpútà ní ilé, tí mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, ẹ fi orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ṣáájú tiyín. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ orúkọ àwọn olórin ìgbà yín fún àwọn ọmọ kí àwo wọn tó fọ́ tán. Yínni yínni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti yí orúkọ orin náà padà nínú fóònù rẹ̀. «Olatunji, Ajido, 1960» ni ó kọ síbẹ̀ báyìí, ó sì fi orúkọ DJ náà tẹ̀ lé e.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.