Owó Oṣù Akọ̀wé Ìlànà Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ìjòyè àti oníṣòwò Allen Avenue n'Íkẹjà, ẹ gbọ́. Ẹ ń ta ẹ̀rọ olówó iyebíye, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ka ẹni tí ń kọ ìlànà lílò rẹ̀ sí ọmọṣẹ́ lásán. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé ní 2023, ìdajì irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gbà ju dọ́là 80,050 lọ lọ́dún. Láti oṣù kẹfà ọdún náà tí náírà ti já wálẹ̀, dọ́là túbọ̀ ń fa àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n jókòó nílé, wọ́n ń kọ̀wé fún òkèèrè. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: a kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ tiwa, ní Yorùbá tí oníbàárà gbọ́? Àwa ń fẹ́ kí ẹ san owó tí ó yẹ wọ́n, kí ẹ sì la ipò sílẹ̀ tí wọn yóò máa gòkè sí. Oníbàárà tí àìmọ̀ ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ kì í padà wá sí ìsọ̀.