Ta Ló Gba Àga Méyọ̀ Lọ́wọ́ Ará Èkó?

Ẹ̀yin olùdìbò Èkó, ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú wa ní méyọ̀ rí? Òfin 1950 fún tọkùnrin tobìnrin níbò, káńsílọ̀ 24 wọlé, wọ́n sì fi Dókítà Ibíyínká Ọlọ́runnímbẹ̀ jẹ méyọ̀. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà ni ìgbẹ̀yìn!

Wọ́n ní káńsù ń ṣe màgòmágó, wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Storey wá láti Norwich kó wá wádìí. A ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀sùn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣebí ẹni tó dìbò yàn wọ́n ló yẹ kó lé wọn? Action Group tó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn, alátakò méyọ̀ yìí, ò dúró dè yín. Òfin 1953 ni wọ́n fi pa àga náà rẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o!

Títúká káńsù ò sì tán síbẹ̀, àwọn gómìnà jogún ẹ̀. Ní July 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní gómìnà kankan ò gbọdọ̀ tú káńsù tí ará ìlú yàn ká mọ́, kí owó káńsù sì máa lọ tààrà sápò káńsù. Ẹ lọ bá alága yín lọ́fíìsì, ẹ bi í: ta ló ń buwọ́ lùwé owó náà?